Ẹ̀rí Tí Florence Ajíbádé Jẹ́ Nípa Ìbàdí Rẹ̀

Tíṣà ni Florence Ajíbádé. Kíláàsì kejì ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí, láyé ìgbà tí gbogbo agbègbè náà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ìwé ìgbéga tíṣà ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì le. Bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní á-bí-dí, ẹni tó ń lọ sóko á gbọ́, á sì bá wọn kà á. Ó máa ń na ọmọ, kò sì tijú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Joseph Ajíbádé, ni hẹ́dímásítà ilé ẹ̀kọ́ mìíràn nínú ìlú náà, òun sì tún ni akọ̀wé ìjọ wọn. Àdúrà àti omi nìkan ni ìjọ yìí gbà gbọ́. Wọn kì í gba abẹ́rẹ́, wọn kì í lo oògùn òyìnbó, wọn kò sì fẹ́ fojú kan ewé tàbí egbò rárá. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, wọ́n á gbàdúrà sínú omi fún un, á mu ún. Bó bá yè, ògo ni fún Ọlọ́run. Bó bá kú, a jẹ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ìjọ tó ti mọ bó ṣe máa jàre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1982, ọkọ̀ Peugeot tó ń gbé Florence bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n já kúrò lójú títì níbi tí ọ̀nà ti ń wọ́ gba ara òkè, ó sì yí gbiri-gbiri lọ sísàlẹ̀. Ènìyàn méjì kú. Florence kò kú, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ là. Àwọn tó ń kọjá ló gbé e lọ sí ọsibítù, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ìjọ dárí ìyẹn jì í, wọ́n ní ẹni tí kò mọ ara kì í dẹ́ṣẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé nígbà tó mọ ara tán, ó tọrọ abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ apàrora ni. Bí wọ́n bá ti gún un tán, ìrora á rọra rìn kúrò lára bí ẹni tí wọ́n pè sẹ́yìn, ara á gbóná wọ́ọ́rọ́, ọkàn á dákẹ́, kò ní sí ohun kan láyé tó tún yẹ kéèyàn máa dààmú lé lórí. Ẹ̀yin tí egungun yín kò tíì là rí, ẹ dákun, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gún un ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìrora ń retí rẹ̀ nílé, kò sì sí abẹ́rẹ́. Ó bá wá ọ̀dọ̀ Akíntúndé lọ, ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lẹ́bàá gáréèjì, tó mọ abẹ́rẹ́ gún, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Àràárọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọdún kan, Florence ti ń sùn lórí ìdúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, níwájú ogójì ọmọ. Ọjọ́ tí Akíntúndé kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń làágùn, imú rẹ̀ máa ń ṣomi, á sì na ẹni tó bá kọ́kọ́ wúkọ́ ní kíláàsì. Ọmọbìnrin kan wà tó nà títí tí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi bó. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ ojú egbò náà, ó sì ń sunkún, ọmọ náà sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́.

Joseph rí ojú abẹ́rẹ́ lára ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù pé obìnrin náà á kú. Ẹ̀rù orúkọ ni. Akọ̀wé ìjọ, ìyàwó rẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ bí ẹni ń mumi! Tíṣà àgbà kan tí Joseph finú hàn ló sọ fún un nípa Yèyé Ògúnlàdé, opó kan ní Ìlógbò, tó máa ń fi ọwọ́, iná àti ewé tọ́jú ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi gígùn, Joseph sọ fún gbogbo ìjọ pé ìyàwó òun ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsinmi àwọn tíṣà. Ìlógbò ló gbé e lọ. Nínú ilé ìdáná arúgbó náà, lórí eérú, hẹ́dímásítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Yèyé wò ó títí. "Dìde, tíṣà," ló wí. "Ulẹ̀ yìí á ba ṣòkòtò rẹ jẹ́. Fi aya rẹ sílẹ̀, kí ìwọ máa lọ ulé rẹ. Uṣẹ́ yìí kò ṣe é wò lójú."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Florence rò pé òun ń kú ni. Ó ń yán, ó ń bì, inú ń run ún, gbogbo irun ara rẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúḿbú. Ìrora ìbàdí tí abẹ́rẹ́ ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọdún kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà wá gba gbèsè. Ó bú arúgbó náà. Ó pè é ní àjẹ́, ó ní ó fẹ́ fi òun ṣe ẹran jẹ. Yèyé jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè.

"Àjẹ́ ni mí," ló dá a lóhùn. "Mu omi."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yèyé á ti aṣọ nípọn bọ inú omi gbígbóná, á fún un, á tẹ́ ẹ lé ìbàdí Florence. Bó bá ń tutù, á pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi òrí tí wọ́n ti po mọ́ atalẹ̀ lílọ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, á sì tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní yára, kò ní dúró. Á wá yan ewé lárà lórí iná títí á fi rọ̀, á fi wé e. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, á lé e jáde pé kó lọ rìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Florence kò lè rìn dé ìdí igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kọkànlélógún, ó rìn dé odò, ó sì pọnmi bọ̀. Kò sí ọfọ̀ kan níbẹ̀, kò sí ẹbọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Yèyé fúnra rẹ̀ ń lọ láti kékeré, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, orin ìyìn ló sì máa ń kùn lábẹ́ ètè bó bá ń tẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí Florence ń padà sílé, Yèyé mú un lọ́wọ́. "Ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ùrora yìí kò ní í lọ. Ẹ ó jọ máa gbé ulé kan náà ni. Bí o bá ń fún un ní uná rẹ̀ láràárọ̀, tí o sì ń rìn, á jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀. Bí o bá ṣíwọ́, á dìde sí ọ. Abẹ́rẹ́ yẹn dára fún ọjọ́ tí eegun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kì í ṣe ohun tí à ń fi ayé gbé."

Florence padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ó sì tún di ènìyàn. Ààbọ̀ wákàtí láàárọ̀, aṣọ gbígbóná, òrí, ewé lárà, kó tó rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìrora wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń pàṣẹ fún un. Ohùn rẹ̀ tún ń dé etí àwọn tó ń lọ sóko. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dín ọmọ nínà kù, ìyẹn tó oṣù kan.

Àfi bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Obìnrin tí wọ́n rí tó ń wọ́ ẹsẹ̀, báwo ló ṣe wá ń rìn gúngún báyìí? Joseph ní àdúrà ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kún un. Nígbà tí Ìkórè fi máa dé, wọ́n ti fi orúkọ Florence sí ìlà àwọn ajẹ́rìí, Joseph sì ti fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà bí ìwé títẹ̀ kọ ẹ̀rí náà fún un.

Florence kà á lórí ìjókòó. "Bàbá Bọ́látitó," ló pe ọkọ rẹ̀, "kò rí báyìí."

"Báwo ló ṣe rí?" Joseph kò gbóhùn sókè. "Ṣé kí n kọ ọ́ pé akọ̀wé ìjọ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ eléwé? Àbí ti abẹ́rẹ́ lo fẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ? Ọdún kan gbáko lọ́dọ̀ Akíntúndé. Ṣé kí n ka ìyẹn fún wọn, kí àwọn òbí tí o ń na ọmọ wọn gbọ́?"

Florence mú ìwé náà.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ilé ìjọsìn kún títí dé ìta. Florence dúró níwájú, ó kà á: pé òun wà ní ẹnu ọ̀nà ikú, pé ọkọ òun gbààwẹ̀, pé Ẹ̀mí sọ̀ kalẹ̀. Ó ku ìlà kan. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí Yèyé Ògúnlàdé lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, tó fi gèlè funfun wérí, tó gbé iṣu mẹ́ta sí ẹsẹ̀. Arúgbó náà gbọ́ pé Ìkórè wọn dé, ó sì wá láti Ìlógbò wá kí ọmọ rẹ̀. Florence wo ọkọ rẹ̀. Joseph náà ti rí obìnrin náà. Ó mi orí pé kó máa kà á lọ.

"Kò sí abẹ́rẹ́," Florence kà, "kò sí ewé, kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀."

Ilé ìjọsìn gbiná. Wọ́n lu agogo, wọ́n gbé Florence lé èjìká, wọ́n ń gbé e yípo, ìbàdí rẹ̀ sì ń pariwo lábẹ́ aṣọ. Láti òkè èjìká àwọn ènìyàn ló ti rí Yèyé tó dìde, tó gbé iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ kó sórí òkìtì ọrẹ, tó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Obìnrin tó jókòó tì í ló sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni arúgbó náà sọ: "Ohùn rẹ̀ ti le sí i." Igún ṣoore, ó pá lórí. Àkàlá ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀. Kí Ọdún Àjíǹde tó tẹ̀lé e tó dé, Yèyé ti kú. Florence kò lè lọ síbi ìsìnkú, nítorí kí ni tíṣà ìjọ aládùúrà fẹ́ sọ pé òun ń wá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan nípa ìjọ yìí kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Ẹni tó bá ti jẹ́rìí pé òun sàn kò gbọdọ̀ ṣàìsàn náà mọ́. Bó bá tún fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó purọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́ nìyẹn, wọ́n á dá a jókòó sẹ́yìn, wọn kò sì ní kí i. Láti ọjọ́ Ìkórè náà ni àwọn ènìyàn ti ń rọ́ wá sí ilé Ajíbádé láti Àràmọ̀kọ, láti Ìjẹ̀rò, láti ibi gbogbo, láti wá wo obìnrin tí Ọlọ́run fọwọ́ kàn. Wọ́n fi Joseph jẹ alàgbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oyè rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò omi kúrò lórí iná, ó sì dà á sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Òórùn atalẹ̀ ń dé pálọ̀," ló wí. "Àlejò máa tó dé. Kí ó máà tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

Bí Yèyé ṣe sọ náà ló rí. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora dìde. Ọdún márùn-ún ni Florence fi kọ́ ọmọ lórí ìnàró, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri, tó di ojú fèrèsé mú. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ti mọ̀ ọ́n. Bí tíṣà wọn bá ti di fèrèsé mú, wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á máa wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń funfun. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó máa ń dá lọ sí oko lẹ́yìn òkè, á gbé iná kalẹ̀ láàárín àwọn igi kòkó, á sì fún ara rẹ̀ ní wákàtí kan tirẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni ìyẹn fi wà. Joseph tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, ó bá a níbi tó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ewé lárà ní ẹ̀yìn, ó sì fi bàtà fọ́n iná náà ká. Kò nà án. Ó ní òun kì í na obìnrin.

Ṣé kò lè padà sọ́dọ̀ Akíntúndé ni? Ó rò ó. Kò sí ọjọ́ tí kò rò ó. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn tó bó, ó sì ń kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù náà láìyíjú. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún Florence láyé tó lè mú un yangàn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Nínú àwọn tó wá wò ó ni Grace, obìnrin kan láti Ìpótì tó ń ṣe epo pupa. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gún ẹyìn nínú odó, ìbàdí rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Obìnrin náà fi apá kan ìdí jókòó sí pálọ̀. Ó ní ewé lárà àti omi gbígbóná ni ìyá òun kọ́ òun, ó sì ń dẹ òun lára dáadáa, òun ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbọ́ nípa ẹ̀rí yìí, òun ní kí òun wá béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n kúkú jù ú nù, kí n dojú kọ àdúrà nìkan?"

Joseph wà lórí àga rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Florence wo ojú obìnrin náà, ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti wà ní ẹnu rẹ̀.

"Àdúrà ni," ló wí.

Grace dúpẹ́, ó sunkún, ó lọ. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa rọ̀, àwọn tó ń gbé epo láti Ìpótì ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ìdí ni Grace fi ń wọ́ káàkiri àgbàlá, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń gbàdúrà. Florence gbọ́ ọ níbi tó ti ń ra tòmátì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti kórìíra ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ìkórìíra olóòótọ́ tí ń pariwo, bí kò ṣe èyí tí ń se oúnjẹ, tí ń fọ aṣọ, tí ń kúnlẹ̀ kí ọkọ láàárọ̀. Ó kórìíra ara rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ èwo ló ṣáájú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àkàbà ló bá a. Ní ọdún 1988, ìjọ ń kọ́ ilé ìjọsìn tuntun, Alàgbà Joseph sì gun orí òrùlé lọ wò ó bóyá àwọn káfíńtà ti jí pákó. Kò sí pákó tó sọnù. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àkàbà yọ̀, ó sì fi ìdí lélẹ̀ lórí òkúta, láti òkè. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn gbọ́ ìró egungun náà.

Wọ́n gbé e wálé lórí pákó. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọsibítù, torí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó mọ ara rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ yí ibùsùn ká, wọ́n lu agogo, wọ́n wọ́n omi sí i. Ó ké títí tí ewúrẹ́ fi sá kúrò lábẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mira, egungun ń so díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ. Ó ti jókòó sínú ìbàdí rẹ̀ bí onílé. Àwọn àgbà ní kó mú ìgbàgbọ́ le, wọ́n sì padà sóko wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n lọ, Florence gbé omi kaná. Ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó lọ atalẹ̀, ó yan ewé lárà, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá ọkọ rẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbóná ní ìbàdí. Ọdún márùn-ún! Omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí adùn. Òórùn náà wọ yàrá lọ.

"Florence," ni Joseph pè. "Florence, bá mi gbé díẹ̀ wá."

Ó dìde, kò kánjú. Ohun tó gbé wọlé ni ìwé eksasáìsì kan àti bírò, ó sì fi wọ́n sórí àyà rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ Yèyé Ògúnlàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ kọ pé ẹ̀yin lẹ mú mi lọ, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ kọ ohun tó fi wò mí. Kí wọ́n kà á lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹnìkan lọ kà á fún Grace ní Ìpótì. Bí wọ́n bá ti kà á tán, ọwọ́ mi yìí lèmi ó fi tẹ ẹ̀yìn yín láràárọ̀ títí ẹ ó fi rìn."

"Alàgbà ni mí," ni Joseph wí.

"Mo mọ̀."

Ìkà ni obìnrin yìí ń ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má wulẹ̀ bá a wá àwáwí, òun náà kò wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń gbóná ìbàdí ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí ọkùnrin náà ń gbọ́ ìró omi bó ṣe ń kán padà sínú abọ́, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó béèrè kò pọ̀. Ìlà mẹ́rin ni. Láràárọ̀ ló ń yẹ ìwé náà wò. Joseph ti kọ déètì sí òkè. Ó ti kọ "Sí Ìjọ Ọlọ́run" sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì rẹwà síbẹ̀. Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akíntúndé ni, pẹ̀lú báàgì dúdú rẹ̀. Joseph ló ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin náà rí Florence, ojú tì í, ó sì fẹ́ padà. Florence dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú báàgì yẹn tó òun nínú gbogbo ìlú: ìgbóná wọ́ọ́rọ́ yẹn, oorun orí ìdúró, imú tí ń ṣomi, ẹsẹ̀ tí ń ta. Gbólóhùn kan ló tó láti lé ọkùnrin náà padà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, ó sì yà fún un. Ó tún gbé àga fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, Alàgbà Joseph rìn wọ ilé ìjọsìn pẹ̀lú ọ̀pá, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ariwo alelúyà pọ̀ jù ti Ìkórè lọ. Ó yan abẹ́rẹ́ kọ̀rọ̀ dípò aṣọ gbígbóná gbangba, ìjọ sì ń dúpẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́. Wọ́n gba ìwé ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ara rẹ̀ gbẹ títí tí ẹ̀wù alàgbà fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ìrora náà kò lọ síbì kankan. Ní gbogbo àsìkò yìí, Florence ń rìn láràárọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè, ó ń bọ̀, ó ń gbé omi rẹ̀ kaná, ó sì ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìnàró gúngún.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán kan pé Akíntúndé lọ ra ọjà ní Adó, kò sì tètè dé. Florence ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ yàrá. Ó ń làágùn, ó ń yán, ikun ń dà ní imú rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta ìgànná. Ó wọ́ wá, ó di etí ìró ìyàwó rẹ̀ mú.

"Florence, ìwọ bọ́ nínú èyí. Mo fojú mi rí ọ, o bọ́ nínú rẹ̀." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Báwo lo ṣe ṣe é? Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Kí ni ìyá yẹn ṣe fún ọ?"

Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Kò sí àgbà ìjọ, kò sí àlejò ní pálọ̀. Florence bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu imú fún un dáadáa, bó ṣe máa ń nù ún fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ó sì wò ó lójú.

"Àdúrà ni, Bàbá Bọ́látitó," ló wí. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́."

Ó rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lára ìró náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ti ń hó lórí iná, ó sì lọ gbé e sọ̀.